Apá Kẹta Orin Nochum

Odindi ọdún kan ni Peretz kò fi fọwọ́ kan gìtá. Nochum bàbá rẹ̀ ló kú, àwọn Júù àdúgbò Crown Heights kì í sì í ṣeré orin nínú ọdún tí òbí wọn bá kú. Ẹgbẹ́ règé rẹ̀ ní sùúrù fún un. Wọn ò gba ẹlòmíràn sípò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Getzel, olórí ẹgbẹ́ náà, kò ní sùúrù fún nǹkan míì láyé yìí.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni ọdún náà pé. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣeré, orin bàbá Peretz ni wọ́n sì fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Peretz ti ṣèlérí rẹ̀ fún bàbá náà lórí ibùsùn àìsàn pé orin náà kò ní parun. Kò lọ́rọ̀ kankan nínú, ohùn lásán ni, apá mẹ́ta ló sì ní. Peretz mọ apá kìíní, ó mọ ìkejì. Ìkẹta ti fò lọ lórí rẹ̀ pátápátá.

Ẹni tó bá ń bèèrè ìdí tí wọn ò fi gbohùn orin náà sílẹ̀ kò mọ Nochum. Ìrọ̀lẹ́ Sábáàtì nìkan ló máa ń kọ ọ́, nídìí oúnjẹ kẹta ọjọ́ náà, nígbà tó bá ku búrẹ́dì àti ẹja oníyọ̀ díẹ̀ lórí tábìlì. Ta ló fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ lọ́jọ́ Sábáàtì, tí òfin Júù ò gbà á? Bí o bá sì bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Ajé, á ní orin náà ń sùn. Peretz nìkan ló bí, ìyàwó rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ.

Bàbá náà ò sì wá wo eré ọmọ rẹ̀ rí. Ó ní ìlù règé yẹn, ìlù àlejò ni.

Getzel gba Peretz nímọ̀ràn pé kó hun apá kẹta fúnra rẹ̀, ó ní ta ló máa mọ̀.

“Èmi á mọ̀,” ni Peretz wí.

Láti ọjọ́ Ajé ló ti jókòó sí yàrá bàbá rẹ̀ pẹ̀lú gìtá. Á ta apá kìíní, á ta ìkejì, ọwọ́ rẹ̀ á dúró. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ẹnì kan fi igi ìgbálẹ̀ lu àjà láti ìsàlẹ̀. Peretz sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Màmá Icilda, opó ará Jàmáíkà tó ti ń gbé abẹ́ wọn láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìjọ Adventist ni màmá náà ń lọ, ọjọ́ ìsinmi tiwọn àti tàwọn Júù sì bọ́ sí ọjọ́ kan náà.

“Ẹ má bínú mà, ariwo mi ti pọ̀ jù.”

“Ta ló ń sọ ti ariwo? Ibì kan náà lo ti ń dúró láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó sú mi. Kí ló dé tó ò parí orin bàbá ẹ?”

Peretz ní òun ti gbàgbé ìyókù. Màmá Icilda rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo Sábáàtì ni òun ń gbọ́ ọ láti orí àjà, ó sì lanu láti kọ ọ́. Peretz fẹ̀yìn rìn lẹ́sẹ̀ kan. Ọkùnrin tó bá di òfin mú bíi tirẹ̀ kì í tẹ́tí sí orin obìnrin tí kì í ṣe ará ilé rẹ̀. Màmá náà pa ẹnu dé.

Wọ́n wo ara wọn. Orin bàbá rẹ̀ wà lẹ́nu obìnrin yìí, kò sì lè gbà á. Ó dun Peretz débi pé omi lé sí i lójú.

“Ẹ kọ ọ́, mà,” ó wí jẹ́jẹ́.

“Rárá o. Orin Nochum kọ́ ni màá fi mú ọmọ Nochum dẹ́ṣẹ̀. Dúró síbẹ̀.”

Ó wọlé, ó sì mú mẹlódíkà ọkọ rẹ̀ jáde, dùùrù pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń fẹnu fọn. Ó nu eruku ara rẹ̀ nù, ó fi ìka wá ohùn díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọn ún. Apá kẹta nìyẹn. Ó gòkè, ó yí, ó ń bọ̀ wálẹ̀, ó wá dákẹ́ láàárín. Màmá Icilda fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó tó máa bá a lọ.

“Kí nìyẹn, mà?”

“Ibẹ̀ ni bàbá ẹ máa ń gbá tábìlì.”

Peretz rántí. Ìlù règé gan-an ni, bó ṣe máa ń bọ́ sáàárín ohùn. Ó bi í pé níbo ni bàbá òun ti rí i.

“Àwo orin ọkọ mi ni, gbogbo ọjọ́ Àìkú. Bàbá ẹ máa ń fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ lókè pé ká dín in kù. Nígbà tó yá, kò kilẹ̀ mọ́.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, gbọ̀ngàn kún. Peretz ti bẹ onílù pé kó fi àlàfo yẹn sílẹ̀ lófìfo. Nígbà tí apá kẹta débẹ̀, gbogbo wọn dákẹ́. Láti apá àwọn obìnrin, ẹnì kan fi ìdí agbòòrùn kilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí wọ́n tún yí padà débẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn ló gbá àga. Peretz ń sunkún, ọwọ́ rẹ̀ ò sì dúró lórí gìtá.