Díẹ̀ Lẹ́nu Asiat

Ẹ jẹ́ kí n ti èyí sọ kúrò lọ́nà ná: ní gbogbo Deira, àdúgbò ọjà ní Dubai, láti Al Baraha títí dé ẹ̀bá omi, kò sí obìnrin Èkó tó mọ ọjà ná tó èmi Mùlíkàt. Bí àwọn ọlọ́jà ibẹ̀ bá rí mi lókèèrè, wọ́n á mí kanlẹ̀. Iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè, etí mi kì í gbọ́ ọ. Ó ti mọ́ mi lára débi pé ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn pàápàá, mo máa ń ná an. Bí ẹnì kan bá ní òun rí ejò tó gùn tó òpó iná, màá dá a sí igi ìgbálẹ̀, a ó sì jọ máa fà á títí a ó fi pàdé ní àárín.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ gbádùn ọjọ́ tí yìnyín bo Dubai àti Sharjah. Yìnyín ni mo wí, nínú aṣálẹ̀! Àárín ọdún 1990 sí 2000 ni, ní ìgbà òtútù wọn. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun ọ̀sán tán ni ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò, òjò dé, ìjì dé, yìnyín sì bẹ̀rẹ̀ sí í já lu òrùlé bí ìgbà tí wọ́n ń da òkúta.

Gbogbo àwa ọmọ Nàìjíríà tó wọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì wa ní Al Baraha, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, a kóra jọ sí ìsàlẹ̀ nídìí tẹlifóònù. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀fẹ́ ni kéèyàn pe ẹlòmíì láàárín ìlú, nítorí náà gbogbo ẹni tí òjò ká mọ́ ibì kan ló ń pe hòtẹ́ẹ̀lì láti sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ọmọ Íńdíà tó ń jókòó nídìí tẹlifóònù kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí, ló bá gbé e fún mi pátápátá. Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀, mo wá ń ra ìròyìn.

Wosilat, ọ̀kan nínú àwa tó wọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì náà, ló kọ́kọ́ pè láti ṣọ́ọ̀bù kan ní ọjà góòlù. Ó pariwo débi pé gbogbo wa la gbọ́ ọ.

"Àǹtí! Yìnyín tó ẹyin adìyẹ ló ń já níbí o!"

"Ẹyin adìyẹ kẹ̀? Mo dá a sí ẹ̀pà."

"Àǹtí, I swear, ó fọ́ gíláàsì mọ́tò!"

"Ó dáa, mo fi kún un. Ẹyin àparò."

"Ẹyin ẹyẹlé, Àǹtí. Last price."

"Khalas, mo gbà."

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Kàbírù, àbúrò mi tí a jọ jáde láti inú ìyá kan náà, rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Asiat ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò sí lọ́dọ̀ wa. Ó wà ní sítóò wa ní Sharjah, níbi tí a ti ń di bùláńkẹ́ẹ̀tì ní báàlì ńláńlá tí à ń kó lọ sí Èkó. Mo ti bi Kàbírù léèrè rẹ̀ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, abẹ́ òrùlé ló wà," ó ní. "Ó sàn jù wá lọ."

Lẹ́yìn náà ni Àmúsà, tí a jọ ń kó ẹrù, pè láti Jebel Ali, èbúté ọkọ̀ ojú omi wọn. Àmúsà yìí, ọkùnrin dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó kéré lójú rẹ̀ rí.

"Alhaja, mo ti kú! Yìnyín tó àgbọn! Ó ti lu orí mọ́tò wa mọ́lẹ̀! Omi ti gbé kọ̀nténà, ọkọ̀ ojú omi ti fẹ́ gun orí títì! Ẹ sọ fún Olúṣẹ̀san kó gbé píkọ́ọ̀pù wá gbé mi o, abeg, before I die here!"

"Níbo lo dúró sí tí o ti ń pè mí?"

"Ọ́fíìsì àwọn tó ń bá wa kó ẹrù. Alhaja, kì í ṣe àsìkò ìbéèrè o!"

Mo ń ná ìròyìn rẹ̀ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ohun kan lẹ́yìn ohùn rẹ̀: ṣíbí ń kan ara ife gíláàsì. Ẹnì kan ń ro ṣúgà. Mo dá àgbọn sí àgbálùmọ̀, mo sì gbé tẹlifóònù sílẹ̀.

Àmọ́ àwọn ọkùnrin ti gbọ́ igbe náà. Olúṣẹ̀san, onígbàgbọ́ kan láti Ìjẹ̀bú tó ń gbé Dubai tó sì ń bá wa kó ẹrù, ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Píkọ́ọ̀pù rẹ̀ nìkan ṣoṣo la ní. Kàbírù náà ti ń wọ bàtà. Ìgbà yẹn ni tẹlifóònù tún dún, ọmọ Íńdíà ló yára gbé e, ó sì nà án sí mi.

"Madam, lady is asking you. Only you."

Asiat ni.

"Àǹtí mi, ẹ kú òtútù o."

"Ìyàwó mi, báwo ni Sharjah?"

"Ó ń rọ̀. Omi ti wọlé díẹ̀."

"Díẹ̀ báwo?"

"Díẹ̀ náà ni, mà. Mo ti gun orí báàlì. Ilẹ̀kùn ni kò kàn fẹ́ ṣí dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí àbúrò yín dààmú. Mo ní kí n kàn kí yín ni."

Tẹlifóònù gé. Mo pe ibẹ̀ padà, kò dún rárá.

Mo sọ ohun tó wí fún wọn. Kàbírù mí kanlẹ̀, ó so okùn bàtà rẹ̀ tán.

"Ṣé ẹ rí i? Omi díẹ̀ ló ní. Ẹ jẹ́ ká lọ gbé Àmúsà."

Ọjọ́ yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnì kan máa sọ iye fún mi tí mi ò rí nǹkan kan yọ kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ Asiat á mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí ọ̀bẹ gé e lọ́wọ́ níbi tó ti ń tú ẹrù, ó ní ó kàn họ òun lára díẹ̀ ni. Nígbà tí mo tú aṣọ tó fi wé e, mo rí egungun. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó ní inú òun bàjẹ́ díẹ̀. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ títí ọdún fi yí. Ọ̀rọ̀ àwọn tó kù, èmi ni mo máa ń dín in kù. Asiat ti dín tirẹ̀ kù kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, láti ọjọ́ tó ti wọlé wa, obìnrin yìí kò pè mí lórí tẹlifóònù rí láti kàn kí mi.

"Sharjah là ń lọ," mo ní.

Olúṣẹ̀san yí ojú sí mi. "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́. Omi díẹ̀ ló wọlé Asiat. Àmúsà ló ń kú."

"Àmúsà ń mu tíì. Mo gbọ́ ṣíbí nínú ife rẹ̀."

"Tí kì í bá ṣe tíì ńkọ́? Tí nǹkan bá ṣe é, ta ló máa sọ fún ìyàwó rẹ̀?"

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní parọ́. Bí mo bá ṣi í gbọ́, ọrùn mi ni ẹ̀jẹ̀ Àmúsà máa wà, gbogbo Deira ni yóò sì máa nawọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n mo dìde, mo so gèlè mi le, mo bọ́ síwájú píkọ́ọ̀pù náà, mo jókòó.

"Kàbírù, Asiat tó ní ilẹ̀kùn ò fẹ́ ṣí dáadáa, ó ti há mọ́ inú ilé ni. Ó ní òun gun orí báàlì. Kí ló ń sá fún nílẹ̀? Olúṣẹ̀san, yalla, ká lọ!"

Mo rí i tí ojú Kàbírù yí padà. Ó bẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀.

Lójú ọ̀nà Sharjah, iyanrìn funfun báláú lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Òjò ti ń rọlẹ̀ díẹ̀, àwọn Lárúbáwá ti dúró, wọ́n fi aṣọ funfun wọn sílẹ̀ kó máa wọ́ nínú ẹrẹ̀, wọ́n ń bu yìnyín lọ́wọ́ bí ọmọdé, wọ́n ń pe ara wọn wá wò ó. Àgbàlagbà kan gbé ẹ̀kúnwọ́ kan sókè hàn wá bí a ti ń kọjá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá sọ̀ kalẹ̀ kí n ná an fún un.

Inú kòtò ni sítóò wa wà, lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ilẹ̀ inú rẹ̀ sì tún jìn ju ìta lọ. Nígbà tí a dé ibẹ̀, kò sí kòtò mọ́, omi ni, ó pupa, yìnyín ń léfòó lójú rẹ̀. Omi ti gbé mọ́tò àlòkù kan wá, ó gbé e rọ́ mọ́ ilẹ̀kùn onírin tí à ń ká sókè, ilẹ̀kùn sì ti tẹ̀ wọnú. Kàbírù bẹ́ sínú omi, ó dé e ní àyà.

"Asiat! Asiat o!"

Ohùn rẹ̀ wá láti inú, ó rọra ń bọ̀.

"Mo wà níbí. Ẹ rọra o, omi yẹn tutù díẹ̀."

Mi ò mọ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún, mo ṣe méjèèjì. Okùn tí a fi ń di báàlì wà lẹ́yìn ọkọ̀. Mo wọ omi, èmi fúnra mi ni mo so ó mọ́ abẹ́ mọ́tò àlòkù yẹn, mo ta á ní kókó bí a ṣe ń ta ti báàlì kó tó lọ sí Èkó, tó jẹ́ pé ọ̀bẹ nìkan ló máa ń tú u ní Àpápá. Olúṣẹ̀san fi píkọ́ọ̀pù fà á. Àwọn ará Pakistan tó ń wò wá láti orí òrùlé wọn sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa tì í, wọ́n ń pariwo pé ó yá, "Chalo! Chalo!" Mọ́tò náà ṣí kúrò. A tún so okùn mọ́ ilẹ̀kùn, a fà á, irin ya bí ìdérí agolo.

Inú ilé ṣókùnkùn. Báàlì bùláńkẹ́ẹ̀tì ti mumi yó, wọ́n ti ń rì lábẹ́ ara wọn. Orí èyí tó kẹ́yìn ni Asiat dúró sí, omi ti dé abíyá rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di páìpù ara ògiri mú. Ọwọ́ kejì wà lókè orí rẹ̀, àpò tí pásípọ́ọ̀tù gbogbo wa wà nínú rẹ̀ ló nà sókè, kò tutù. Kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí Kàbírù fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Kàbírù pọ̀n ọ́n jáde, ó ń sunkún, kò sì bìkítà pé à ń wo òun. Bí wọ́n ṣe kúrò lórí báàlì yẹn ló yí, tó rì. Olúṣẹ̀san rí i. Ó bọ́ fìlà lórí, ó wò mí, ó ní, "Alhaja, ẹ má bínú." Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Àmúsà kúrò níbí: ó wọ takisí délé lálẹ́ ọjọ́ náà, fìlà rẹ̀ nìkan ló tutù, àgbọn rẹ̀ sì ti di ẹ̀gúsí nílẹ̀ fúnra rẹ̀.

A há mọ́ra níwájú ọkọ̀. Mo bọ́ gèlè mi, mo fi nu orí Asiat. Ètè rẹ̀ ti funfun.

"Ìyàwó mi, kí ló dé tí o ò fi pe ọkọ rẹ nígbà tí o pè? Èmi lo ní kí wọ́n fún."

Ó ronú díẹ̀ kó tó dáhùn.

"Ẹ̀rù ń bà mí pé kó má lọ fi eré wá nínú yìnyín yẹn. Tí mo bá sì ní díẹ̀ ni fún un, díẹ̀ ni yóò gbọ́. Ẹ̀yin ni mo mọ̀ pé ẹ máa gbọ́ iye tó jẹ́."

Èmi Mùlíkàt, tí àwọn ọlọ́jà Deira ń sá fún ẹnu mi, mo kàn ń fi gèlè nu orí rẹ̀ lọ ni. Inú mi dùn débi pé ó ń dùn mí. Èèyàn ti yìn mí rí nítorí ọjà tí mo rà pọ́ọ́kú, èyí yàtọ̀. Ẹnì kan ti dúró nínú omi, ó mọ̀ pé gbólóhùn kan ṣoṣo ni òun máa lè sọ, ó sì fi í lé mi lọ́wọ́ láìdúnàádúrà.

Kàbírù tẹjú mọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo ohun tó wí. Yìnyín tó kù ń ró pàtàpàtà lábẹ́ táyà. Nígbà tó yá, Kàbírù bi í jẹ́jẹ́.

"Ṣé òtútù ń mú ẹ?"

"Díẹ̀," Asiat ní.

Kàbírù kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó ti fa ẹ̀wù gbígbẹ kan yọ lẹ́yìn àga, ó ti wé e mọ́ ọn lára, ó sì ti ń gbá Olúṣẹ̀san léjìká pé kó kọrí sí ọsibítù, kó sáré, kó má dúró níbì kankan.