Ọ̀rọ̀ Tí Bùsírátù Fi Gbàdúrà

Láti ọjọ́ tí àlùfáà ti ní kí Màmá Harriet kọ́ Bùsírátù ní iṣẹ́ olórí kíláàsì ni màmá náà ti kórìíra rẹ̀. Ọmọ Sàró ni Harriet, Abẹ́òkúta ló ń gbé. Ọdún kejìlá rèé tó ti ń wọ lọ́rì wá sí Owódé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ láti kọ́ àwọn obìnrin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Bíbélì. Ṣùgbọ́n ní 1948, àlùfáà ní ẹni tó ń gbé Owódé ló yẹ kó máa ṣe olórí wọn. Nínú gbogbo wọn, Bùsírátù nìkan ló mọ̀wé kà já gaara.

Ọmọ oníṣòwò Mùsùlùmí ni Bùsírátù. Ọjọ́ tó ṣèrìbọmi ni bàbá rẹ̀ lé e nílé. Ìjọ tó sá wá bá náà kò sì fi ojúure wò ó. Ilé ò gbà á, ọ̀nà ò gbà á.

Oṣù mẹ́fà ni Harriet fi kọ́ ọ, tàbí ká kúkú ní ó fi jẹ ẹ́ níyà. Bó bá dáhùn ìbéèrè dáadáa, Harriet á ní ìgbéraga ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bó bá dákẹ́, á ní olódo ni.

"Orúkọ kèfèrí yẹn," ni yóò máa wí lójú gbogbo kíláàsì, "ìgbà wo lo máa pa á tì?"

"Màmá, orúkọ tí ìyá mi fi pè mí kó tó kú ni."

Bùsírátù á wí bẹ́ẹ̀ tán, á sì padà sórí Bíbélì rẹ̀.

Nígbà tí àlùfáà wá wo bí Bùsírátù ṣe ń darí kíláàsì, ó ní kó gbàdúrà. Ó kúnlẹ̀.

"Ọlọ́run Bàbá, fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá wọ̀nyí..."

"Dákẹ́!" Harriet ti dìde. "Èdè mọ́ṣáláṣí rè é nínú ilé Ọlọ́run! Àlùfáà, ẹ bá mi sọ fún un kó padà síbi tó ti wá."

Bùsírátù lajú. Ohun tó ti ń gbé mì láti oṣù mẹ́fà wá gòkè.

"Màmá, àdúrà tí ẹ ní mo bà jẹ́ yìí, ta ló ni ọ̀rọ̀ náà? Wàásù ńkọ́? Àlùfáà tí ẹ ń pè yìí ńkọ́? Ẹnu àwọn bàbá mi tó jẹ́ Mùsùlùmí lẹ ti gbà wọ́n. Kí àwọn bàbá yín tó ti Sàró dé la ti ń wí i. Bí ẹ ó bá lé mi, ẹ kó wọn fún mi kí n máa kó wọn lọ, ká wá wo ohun tí ẹ ó fi bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀!"

Àlùfáà kọjú sí Harriet.

"Òótọ́ ló sọ, Màmá Harriet. Ẹ jẹ́ kó parí àdúrà rẹ̀."

Harriet ò dúró gbọ́ àmín. Ó jáde, obìnrin mẹ́jọ nínú mọ́kàndínlógún sì tẹ̀lé e.

Àwọn tó kù ni Bùsírátù kọ́ lọ́sẹ̀ kejì. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí ìdáríjì. Ó ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké. Ìyá Túbọ̀sún, àgbà inú wọn, wá bi í bóyá Bùsírátù fúnra rẹ̀ ti dárí ji Harriet.

"Ẹ má bínú, mà. Rárá o."

Lọ́dún kejì, òun àti Harriet pàdé ní ìpàdé àwọn olórí kíláàsì ní Abẹ́òkúta. Bùsírátù kúnlẹ̀ kí i. Harriet gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tó kọjá lára òpó. Bùsírátù dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó sì búra nínú ara rẹ̀ pé òun ò ní kúnlẹ̀ fún un mọ́ láyé.