Ìka Ẹsẹ̀ Márùn-ún Nídìí Búrẹ́dì

"Yéè! Jésù Ọmọ Ọwọ́!"

Màmá Palmira ló lọgun bẹ́ẹ̀, búrẹ́dì gbígbóná sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti dojú rẹ̀ dé kó lè fi ìka kan ìdí rẹ̀ gbọ́ bóyá ó jinná, bí gbogbo obìnrin ìlú Rocca Selce ti máa ń ṣe, àfi bí ìdí búrẹ́dì ṣe yọ ìka ẹsẹ̀ sí i. Ìka wẹ́wẹ́ márùn-ún, àtàǹpàkò sanra, gìgísẹ̀ rí róbótó lẹ́yìn wọn. Ẹsẹ̀ òsì ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni.

Kí ẹnikẹ́ni tó mí, àwọn obìnrin tó ń dúró de búrẹ́dì tiwọn ti kúnlẹ̀ sínú eérú. Ọ̀kan ti ń sunkún. Màmá Palmira, tí etí rẹ̀ ti di látìgbà ogun, ń pariwo àdúrà bí ẹni pé Ọlọ́run náà kò gbọ́ dáadáa. Ó bù nínú èérún búrẹ́dì náà, ó fi há etí, ó ní kí wọ́n sáré pe Fadá.

Ersilia nìkan ni kò kúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló ni ààrò. Ó di ọ̀pá tí wọ́n fi ń fa búrẹ́dì jáde mú. Ó mọ ẹsẹ̀ yẹn. Ta ni kò mọ̀ ọ́n nílùú? Nígbà tí wọ́n hú u jáde nínú àlàpà àwọn ará Róòmù nísàlẹ̀ òkè, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ ìwalẹ̀ gbé e kiri ojúde bí ẹni gbé ìkókó. Bíríkì pẹlẹbẹ kan ni. Ọmọ ẹni tó mọ bíríkì náà ló fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí amọ̀ rẹ̀ ṣì tutù, láyé àwọn ọba àtijọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí bíríkì fi dàwátì.

Wọ́n ní Settimio, ọ̀kan lára àwọn tó ń walẹ̀ níbẹ̀, ló jí i. Ta ló wí bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká má fọ̀rọ̀ pa mọ́ fúnra wa: Ersilia ni. Ó rí Settimio tó ń gòkè bọ̀ láti ibi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú nǹkan lábẹ́ ẹ̀wù. Settimio ní ẹ̀fọ́ ìgbẹ́ lòun já. Nígbà tí ọlọ́pàá wá bi Ersilia pé ṣé nǹkan náà rí pẹlẹbẹ, Ersilia, tó fẹ́ràn kí èèyàn máa tẹ́tí sí òun, ní, "Pẹlẹbẹ báyìí ni, sà!" Ó tún fi ọwọ́ méjèèjì júwe rẹ̀. Kò rí pẹlẹbẹ kankan. Ọ̀rọ̀ náà kàn dùn lẹ́nu ni, ẹyin lohùn sì ni.

Wọ́n lé Settimio níbi iṣẹ́. Nígbà tí àkókò àtiká ólífì dé, kò sẹ́ni tó pè é sóko. Ersilia kò sì jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ààrò yìí kan náà, ó lé Ortensia, ìyàwó Settimio, tòun ti ìyẹ̀fun pípò lọ́wọ́. "Búrẹ́dì olè kò ní fara kan tèmi!" Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni Ortensia ti ń ru pátákó búrẹ́dì rẹ̀ gun òkè lọ yan án ní Vallina, abúlé kejì, ó ti ń lọ bí ọdún kan. Lónìí, Settimio fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì ọ̀sán lọ ṣiṣẹ́ ní kòtò èédú ní Bẹ́ljíọ̀mù, níbi tí wọn kì í béèrè irú ẹni téèyàn jẹ́.

Ersilia wọlé lọ bá ọkọ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Nazzareno jókòó nídìí tábìlì, ó ń gé wàràkàṣì. Òun náà wà lára àwọn tó ń walẹ̀ nínú àlàpà.

"Bíríkì wo lo fi tún ààrò ṣe nígbà tí mo lọ bá àbúrò mi tọ́jú ọmọ tuntun?"

Kò gbójú sókè. "Bíríkì kì í ṣe bíríkì ni?"

"Nazzareno."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ṣebí ìwọ lo fẹ́ fi ariwo pa mí. Ààrò ti sán, búrẹ́dì mi ń jóná! Ìwọ lo ní kí n wá èyí tí kì í sán, ti àwọn ará àtijọ́. Wọ́n kún ibẹ̀ bí nǹkan míì. Èyí tọ́wọ́ mi bà ni mo gbé. Ilé ni mo dé kí n tó rí ẹsẹ̀ lára rẹ̀, mo bá fi amọ̀ dí i."

Amọ̀ yẹn ni ìgbálẹ̀ tútù ti ń gbá lọ díẹ̀díẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí Ersilia fọwọ́ ara rẹ̀ gbá eérú.

"O lè dá a padà."

"Ó ti gbẹ mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó máa pariwo rẹ̀."

"Lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá jókòó síbí, tí mò ń rojọ́ Settimio, kí lò ń ṣe?"

Ó rò ó díẹ̀. "Mò ń jẹun."

Ersilia fẹ́ pariwo lé e lórí. Ẹnu wo ni yóò fi pariwo? Ẹnu tó ní kó lọ gbé e wá, ẹnu náà ló pe ẹlòmíì lólè, ẹnu náà ló lé ìyàwó rẹ̀ nídìí iná. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Ojú tì í níwájú wàràkàṣì orí tábìlì.

"Gbọ́," Nazzareno rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n ní iṣẹ́ ìyanu ni. Fi wọ́n sílẹ̀, jẹ́ kó jẹ́ iṣẹ́ ìyanu. Tó o bá lanu pẹ́nrẹ́n, èmi ni wọ́n máa lé níṣẹ́, bóyá kí wọ́n tì mí mọ́lé pàápàá. Ta ló máa bọ́ àwọn ọmọ?"

Níta, Fadá Anselmo ti dé. Ó ń yí búrẹ́dì náà síwá sẹ́yìn, ó ní Ìjọ kì í kánjú pe irú nǹkan báyìí níṣẹ́ ìyanu, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ti tẹ́ aṣọ funfun dè é. "Mo ti ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀ o!" ni Màmá Palmira ń wí. Wọ́n dì mọ́ Ersilia, wọ́n ní alábùkún ni ààrò rẹ̀. Nígbà náà ni bọ́ọ̀sì fọn fèrè nísàlẹ̀ ìlú. Ersilia já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ Fadá, ó sì sáré.

Settimio dúró ní ojúde tòun ti àpótí tí wọ́n fi okùn dì. Yàtọ̀ sí Ortensia, kò sẹ́ni tó wá sìn ín. Àfìgbà tí èrò ya dé lẹ́yìn Ersilia, tí gbogbo wọn ń pariwo pé kó má gbé Jésù lọ.

"Ẹ̀gbọ́n Settimio." Láti ọdún tó kọjá kò pè é lẹ́gbọ̀n-ọ́n mọ́. "Bíríkì yẹn wà nínú ààrò mi. Nazzareno ló gbé e. Èmi ni mo ní kó wá a. Ẹ̀yin kọ́."

Settimio gba búrẹ́dì náà, ó yí i padà. Òun ló hú bíríkì náà jáde lọ́jọ́sí, tó fi omi tó fẹ́ mu fọ̀ ọ́. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ ra àtàǹpàkò kékeré náà.

"Tún un sọ," ó ní. "Sọ ọ́ sókè. Màmá Palmira kò gbọ́."

Ó tún un sọ. Ó sọ ọ́ sókè, ó sì fi èyí tí ẹnikẹ́ni kò bi í kún un: "N kò rí pẹlẹbẹ kankan! Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀fọ́ lẹ já!" Ó ń wá ilẹ̀ tí yóò wọ̀. Màmá Palmira rọra yọ èérún búrẹ́dì kúrò létí.

Ká ní Settimio bú u ni, ara ì bá tù ú. Settimio kàn dá búrẹ́dì padà fún un. "Mo ti tọwọ́ bọ̀wé lọ́dọ̀ àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù," ó ní. Ó di ìyàwó rẹ̀ mọ́ra pẹ́, ó sì wọ bọ́ọ̀sì.

Kí oòrùn tó wọ̀, ọlọ́pàá ti wá hú bíríkì náà, àwọn àti Nazzareno sì jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ. Kò sí obìnrin kan tó wá bá Ersilia jókòó. Ó lọ kan ilẹ̀kùn Ortensia.

"Ortensia, jọ̀ọ́, padà wá máa yan búrẹ́dì rẹ lọ́dọ̀ mi."

Ortensia ń po ìyẹ̀fun, kò dáwọ́ dúró. "Lórí kí ni?"

Ersilia ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Ihò ló wà nílẹ̀ ààrò báyìí. Ó ti gbé ọrẹ wá, kò tilẹ̀ rò ó pé ọwọ́ òun ṣófo.

Ortensia da aṣọ bo ìyẹ̀fun. Ó wo bàtà Ersilia. "Vallina jìn," ó ní. "Ìdájí ni mo máa ń gbéra. Má wọ èyí tó le yẹn."

Nígbà tó délé, Ersilia gbé omi kaná, ó kó ìyẹ̀fun jáde. Lẹ́yìn náà ló mú pátákó búrẹ́dì lára ògiri. Kò ru ú rí láyé rẹ̀, nítorí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni ààrò wà. Ó gbé e lérí láti dán an wò. Kò tíì sí nǹkan kan lórí rẹ̀, ọrùn sì ti ń dùn ún.