Ọmọláńgidi Tí Túbọ̀sún Rán

Àga mọ́tò ni Túbọ̀sún ń rán ní Muṣin. Kò sí awọ tó yi tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò lè là já. Nígbà tí Hilda ìyàwó rẹ̀ wá ní kí àwọn ra ọmọláńgidi fún Christabel, ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta, ọ̀rọ̀ náà bí i nínú.

"Èmi tí mo ń rán àga jíìpù? Kí n lọ ra ohun tí mo lè rán?"

Awọ pupa rúsúrúsú ló fi ṣe ara ọmọláńgidi náà. Ó ki fóòmù bọ inú rẹ̀ títí ikùn fi yọ rọ̀gọ̀dọ̀. Ó fi bọ́tìnnì dúdú méjì ṣe ojú. Irun tó lẹ̀ mọ́ àárín orí ń ṣí. Èyí tó wà lẹ́bàá etí nìkan ló dúró. Ó fi yẹtí sí i, ó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọrùn, ó sì wọ̀ ọ́ ní gáùn oníléèsì.

Nígbà tó gbé e délé lọ́sàn-án Sátidé, Hilda wò ó títí.

"Bàbá Christabel, ṣé ọmọ tuntun nìyí?"

"Ọmọ tuntun ni. O ò rí yẹtí ni?"

"Mo rí yẹtí. Orí pípá ńkọ́?"

"Ṣé gbogbo ọmọ ló ń bá irun wáyé?"

Wọ́n gbé e sórí àga, wọ́n pe Christabel. Ọmọ náà sáré wọlé, ó dúró ṣíí. Ó wo ikùn, ó wo orí tó ń dán. Ló bá kúnlẹ̀ gbì.

"Ẹ káàsán, sà."

Ẹ̀rín gbé Hilda sá wọ kíṣìnì.

"Ọmọ rẹ ni o," ni Túbọ̀sún wí. "Gbé e pọ̀n."

Christabel fà sẹ́yìn. "Rárá, Dádì. Bàbá ni."

Túbọ̀sún kò gbà. Ó wá fìlà dé e, kí orí pípá náà má bàa hàn. Fìlà gẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ni Christabel bá lọ bu omi wá fún àgbàlagbà.

"O ti fi í joyè báyìí," ni Hilda wí.

Lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Túbọ̀sún fẹ́ jókòó sórí àga rẹ̀ tó wà lábẹ́ fáànù. Ọmọláńgidi ti wà níbẹ̀. Bó ṣe nawọ́ láti gbé e, Christabel figbe ta:

"Dádì! Bàbá ń sùn!"

Ó bojú wo Hilda. Hilda fi ìka lé ètè. Túbọ̀sún rọra jókòó sórí ẹní, ó tú táì ọrùn rẹ̀. Ikọ́ ń yún un lọ́fun, àmọ́ ó gbé e mì.