Omi Ìpàdé

Ìpàdé àdúgbò wa ń rí mi lára. Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ ni àwọn àgbà máa ń jókòó sí ìta ilé Baba Oyèdèjì, wọ́n á wé láwàní, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ìlọsíwájú, òórùn ẹ̀jẹ̀ màlúù á sì máa gba imú wọn kọjá. Ẹnìkan kò ní fi ọwọ́ bo imú. Ṣe bí àgbà ni wọ́n!

Kàsímù alápatà ló ni ẹ̀jẹ̀ náà. Òkè odò wa ló kó ibi ìpẹran rẹ̀ wá. Láràárọ̀ ló ń fọ ìfun àti ìgbẹ́ màlúù sínú omi tí àwa obìnrin ń pọn nísàlẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí odò kì í ṣàn dáadáa, ìdin á máa rìn létí rẹ̀, a ó sì fi ọwọ́ gbá ọ̀rá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí a tó bu omi. À ń sè é, òórùn rẹ̀ kò lọ.

Omi yìí ni ìyàwó ilé wa, Àmínátù, ń fún ọmọ rẹ̀ mu. Ọkọ rẹ̀ wà ní Àbíjàn, ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì bí. Ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ náà títí ojú rẹ̀ fi jìn wọnú. Nọ́ọ̀sì ní oògùn kankan kò lè ṣiṣẹ́ bí kò bá ṣíwọ́ omi odò.

Kànga kan wà lọ́nà Máṣífà tí omi rẹ̀ mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹni tó ni ín kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pọn ún, àfi omi tí àwọn àgbà yóò mu nípàdé. Ọ̀wọ̀ ni ó fi ń ṣe. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ń pọn ún fún wọn nígbà tó bá kàn án. Àwa obìnrin la fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa: a kò jẹ́ kí àgbà kan tọ́ odò yẹn wò rí. A ti gbé ẹjọ́ Kàsímù dé ìpàdé láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n ẹran díndín rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹnu jẹ, ojú tì. "A ó gbé e yẹ̀ wò," ni wọ́n á wí, wọ́n á máa fi èékánná tayín.

Nígbà tí omi pípọn kan ilé wa, mo pe Àmínátù. Mo ní, "Da ti kànga sínú ìkòkò ọmọ rẹ. Ti odò ni kí a gbé lọ fún wọn."

Ó ní, "Ìyálé mi, ẹ̀rù ń bà mí o."

"Ẹ̀rù wo? Omi tí ọmọ ń mu, bàbá kò lè mu ún?"

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n kírun tán, a gbé e lọ. Baba Oyèdèjì ló kọ́kọ́ mu. Ó gbé e mì kó tó mọ̀, ló bá tutọ́ èyí tó kù sára agbádá rẹ̀. Ògúnwálé mẹkáníìkì sáré lọ bì sẹ́yìn ilé. Kàsímù, tó jókòó láàárín wọn, nìkan ni kò fi ọwọ́ kan igbá.

Baba Oyèdèjì bi mí pé, "Àríkẹ́, kí lẹ fún wa mu?"

Mo kúnlẹ̀. "Omi odò wa ni, Baba. Òun náà ni àwọn ọmọ-ọmọ yín ń mu."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ni Kàsímù bá dìde, ó ní, "Ìyáa wa, ẹ fẹ́ pa àwọn àgbà ni?" Bí ẹjọ́ ṣe yí padà nìyẹn. Àfojúdi obìnrin ni wọ́n ń sọ, wọn kò dárúkọ odò mọ́. Níkẹyìn wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé ilé wa kò gbọdọ̀ pọnmi ìpàdé mọ́ láéláé.

Àmínátù, tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ, bú sẹ́kún. "Ẹ̀yin Baba, ọmọ mi ti ń jókòó láti àná tó ti ń mu omi kànga. Kí ni yóò máa mu?"

Baba Oyèdèjì fi etí agbádá nu ẹnu, ó nawọ́ sí àwo ẹran. "A ó gbé e yẹ̀ wò," ló wí.

Mo tutọ́ sílẹ̀ níwájú wọn. Ọjọ́ kejì, omi ìkòkò tán, Àmínátù sì gbé agbè rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò.