Àwọn Àwo Tí Wọ́n Sá sí Oòrùn

Òjò ọjọ́ Àìkú ló ṣí páànù méjì lórí yàrá àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Kí Jàmíù káfíńtà tó dé láti kàn wọ́n padà ní ọjọ́ Ajé, omi ti gba ara ògiri sọ̀kalẹ̀, ó sì ti rin pẹpẹ mẹ́ta tó wà lápá ibẹ̀. Olúṣẹ̀yẹ gbọ́ ìró omi náà láti orí ibùsùn rẹ̀. Yàrá àwo kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́jọ lọ sí ibi tó dùbúlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ìṣísẹ̀ mẹ́jọ àti ìrìn-àjò Ìlọrin ti di ọ̀kan náà fún un láti oṣù kejì ọdún, nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú nínú balùwẹ̀. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ohùn lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù fún un ni ọwọ́ òsì, ojú, etí, àti làákàyè tó pé pérépéré bíi ti ìgbà tó ń ṣe akọ̀wé ní ibùdókọ̀ rélùwéè Ọ̀fà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Evelyn, ló ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni, opó ni, Ojoku ló sì ti wá, níbi tó ti fi ogójì ọdún ṣe èlùbọ́ tà. Ìyàwó Olúṣẹ̀yẹ, Ọmọ́bọ́láńlé, ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Tóyọ̀sí, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, orí fóònù ló ti ń kí bàbá rẹ̀.

Wọ́n ti fi bírò sí Olúṣẹ̀yẹ lọ́wọ́ òsì rí, ohun tó kọ kò yàtọ̀ sí ibi tí adìyẹ ti tan ilẹ̀. Evelyn ló wá dá ọgbọ́n mìíràn. Á di ọwọ́ òsì náà mú, á bi í ní ìbéèrè. Bó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọgbọ́n tó dára ni, ó sì ti gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyọnu púpọ̀. Àbùkù rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá bèèrè, kò sí bí Olúṣẹ̀yẹ ṣe lè sọ ọ́.

Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ẹgbẹ̀rún méjì ó lé ogóje ló wà nínú yàrá yẹn. Kì í ṣe orin tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jó sí nígbà èwe wọn. Orin àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ni, èyí tí ọgọ́rin ènìyàn máa ń jókòó ti gòjé àti fèrè àti ìlù ràbàtà, tí wọ́n á kọ ọ́ fún wákàtí kan gbáko láìsí ẹni tó la ẹnu. Mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, àlùfáà òyìnbó kan tó ń padà sílé ló gbé wọn fún un ní ibùdókọ̀ nítorí pé ẹrù rẹ̀ ti wúwo jù. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni Olúṣẹ̀yẹ nígbà náà. Ó gbọ́ ọ̀kan, ó jókòó, kò sì tún bá ara rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà yẹn ló ti ń kọ̀wé sí àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Èkó àti Ìbàdàn, wọ́n á di àwo sínú páálí, ọkọ̀ ojú irin á sì gbé e wá bá a ní ẹnu iṣẹ́. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì dé tí àwọn ènìyàn ń da àwo nù, òun ló ń kó ohun tí wọ́n dà nù. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ti gbé ẹgbẹ̀ta wá fún un láti Kàdúná lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọmọ́bọ́láńlé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọkọ̀ náà, ó ní, "Ó dáa. Àwa máa bọ́ síta nígbà náà."

Kò sí ẹni tó bọ́ síta. Yàrá kejì ni Olúṣẹ̀yẹ yà sọ́tọ̀. Ó fi búlọ́ọ̀kù dí fèrèsé rẹ̀ kí oòrùn má baà wọlé. Ó kan sílìn méjì lé ara wọn kí ooru páànù má baà sọ̀kalẹ̀. Ó ní kí Jàmíù fi igi ìrókò kan pẹpẹ kanlẹ̀ kàn sókè, gbogbo àwo sì wà ní ìnàró bí ìwé, nítorí àwo tó bá dùbúlẹ̀ lábẹ́ òmíràn kì í pẹ́ tẹ̀. Ooru ni olórí ọ̀tá wọn. Àwo tí oòrùn bá pa fún wákàtí kan yóò rọ̀, yóò ká, kò sì ní kọrin mọ́ láé. Olúṣẹ̀yẹ mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ rẹ̀.

Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ìwé ńlá kan wà tó kọ nọ́ńbà àwo kọ̀ọ̀kan sí, àti ibi tó ti rà á, àti ọjọ́ tó dé. Kò sí ìlà kan nínú rẹ̀ tó sọ bí a ṣe ń tọ́jú wọn. Ara ilẹ̀kùn ló kọ ìyẹn sí, gàdàgbà-gadagba: MÁ FỌWỌ́ KAN OHUNKÓHUN NÍBÍ. Ọmọ́bọ́láńlé bi í lẹ́ẹ̀kan pé, "Kí ló ń bà wọ́n lẹ́rù gan-an, tí wọn ò fi lè rí oòrùn?" Olúṣẹ̀yẹ ń ka ìwé ìròyìn lọ́wọ́. "Èyí kò kàn ọ́," ló wí, obìnrin náà kò sì tún bèèrè mọ́ títí tó fi kú.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oòrùn là bí ẹni pé òjò kò rọ̀ rí. Evelyn wọ yàrá àwo, ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, ó sì jáde wá pẹ̀lú àwo kan lọ́wọ́, ó ń gbóòórùn páálí rẹ̀.

"Ṣẹ̀yẹ, àwọn nǹkan rẹ ti ń rùn bí èlùbọ́ tó bu. Yàrá tí kò ní fèrèsé, kí lo rò pé yóò ṣẹlẹ̀? Àfi ká sá wọn."

Olúṣẹ̀yẹ fi ọwọ́ òsì gbá ibùsùn.

"Mo mọ̀. Ó dùn ọ́. Fi ọkàn balẹ̀, nǹkan tó ná ọ tó báyìí kò ní ṣòfò lójú mi."

Jàmíù dé láti wò bóyá ìṣó páànù dúró dáadáa. Obìnrin náà kò jẹ́ kó jókòó. "Káfíńtà, wá bá mi kó nǹkan síta."

Jàmíù dúró níwájú àkọlé ara ilẹ̀kùn. "Mummy, Daddy ò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án o. Èmi tí mo kan pẹpẹ yìí gan-an, ẹnu ọ̀nà níbí ni mo ti ń na àwo sí wọn nígbà tí wọ́n ń tò ó."

"Bó bá dìde láti wá lé wa jáde, ìyìn ni fún Ọlọ́run. Èmi ni n ó kọ́kọ́ jó."

Jàmíù rẹ́rìn-ín, ó sì wọlé.

Ibùsùn Olúṣẹ̀yẹ kọjú sí fèrèsé, fèrèsé kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Níbẹ̀ ni páànù àtijọ́ mẹ́fà tí wọ́n tú kúrò lórí ilé lọ́dún tó kọjá ti tẹ́ sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Orí wọn ni Evelyn yàn, nítorí orí páànù ni nǹkan ti ń tètè gbẹ. Ó ń yọ àwo kúrò nínú páálí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ́ páálí lọ́tọ̀, ó fi òkúta tẹ̀ wọ́n kí afẹ́fẹ́ má gbé wọn lọ. Ó fi etí ìró nu àwo, ó sì tẹ́ ẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò jẹ́ kí ọ̀kan kan èkejì. Olúṣẹ̀yẹ kò tíì rí ẹni tó fọwọ́ jẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mú àwo rí, yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀. Àwo dúdú lórí páànù, oòrùn aago mẹ́wàá lórí àwo. Ó ń kà wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé ogójì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ibùsùn, kò sì dáwọ́ dúró.

Evelyn wá, ó ń nu òógùn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ṣé omi?"

Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé o fẹ́ tọ̀ ni?"

Lẹ́ẹ̀mejì.

"Ebi?"

Lẹ́ẹ̀mejì, kíákíá.

"Ara ń ro ọ́? Ẹ̀yìn? Ṣé kí n yí ọ padà?"

Lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí ló wá kù nílé ayé?"

Olúṣẹ̀yẹ fa ọwọ́ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè, ó nà án sí fèrèsé, sí oòrùn, ó sì dá a dúró síbẹ̀ títí tí apá rẹ̀ fi fẹ́ já. Evelyn wo fèrèsé. Ó wo ojú àbúrò rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ti mú kó fún pọ̀.

"Ẹ wò mí. Oòrùn ń pa á lójú láti àárọ̀, n kò sì rí i."

Ó fa kọ́tìnnì. Yàrá ṣókùnkùn. Ó fọwọ́ pa á lórí bí ìgbà tó ń pọ̀n ọ́n lọ sódò ní kékeré, ó sì padà sí ẹnu iṣẹ́.

Láti ìgbà náà, etí nìkan ni Olúṣẹ̀yẹ fi ń tẹ̀lé wọn. Ó gbọ́ nígbà tí páálí ń jáde. Ó gbọ́ ìró àwo lórí páànù, ìró kékeré bí ẹni gbé ife kalẹ̀.

"Mummy, kí lẹ máa fún mi jẹ nídìí iṣẹ́ yìí?"

"Ẹ̀wà wà lórí iná. Bí o bá ju ọ̀kan sílẹ̀, omi rẹ̀ lo máa mu."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ayọ̀ wà nínú ohùn wọn, irú èyí tí ń bá iṣẹ́ tí a ń ṣe fún ẹlòmíràn rìn.

Nígbà tí wọ́n parí, Jàmíù wọlé wá dágbére. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì dìde. "Daddy, a ti tò ó tán. Gbogbo èyí tí omi rin, ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́ta. A ò to ọ̀kan lé èkejì. Mo ṣì rántí pé ẹ ò fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Olúṣẹ̀yẹ gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró, ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n Evelyn kò tíì kọ́ Jàmíù ní àmì náà. Káfíńtà náà di ọwọ́ arúgbó mú tìfẹ́tìfẹ́, omi sì lé ròrò sí i lójú.

"Mummy," ló pè síta, "wọ́n ń dúpẹ́ o. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe dì mí lọ́wọ́ mú."

"Mo ti sọ fún ọ," ni Evelyn dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé.

Jàmíù lọ. Ooru ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé láti abẹ́ kọ́tìnnì. Olúṣẹ̀yẹ mọ bó ṣe rí lórí páànù lákòókò yẹn. Ó dùbúlẹ̀, ó ń rò ó. Ohun tó yẹ kí òun sọ kò ju gbólóhùn kékeré kan lọ: oòrùn ń bà á jẹ́. Àádọ́ta ọdún ló fi ní ohùn tó lè sọ ọ́, tó sì ní àwọn ènìyàn tó lè sọ ọ́ fún lójoojúmọ́. Ó pa á mọ́ bí ẹni pé bí ẹlòmíràn bá mọ̀ ọ́n, àwo náà kò ní jẹ́ ti òun mọ́.

Ní nǹkan bí aago méjì, Evelyn jáde lọ yí wọn padà bí a ti ń yí iṣu gígé kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè gbẹ. Olúṣẹ̀yẹ gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ nígbà tó dúró. Ó pẹ́ kí ẹsẹ̀ náà tó tún gbéra.

Ó wọlé pẹ̀lú àwo kan. Etí àwo náà ti ká sókè lápá kan, ó sì ti wọlẹ̀ lápá kejì, bí ewé kókò tí iná jó. Ó gbé e sórí tábìlì, àwo náà kò jókòó. Ó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí igbá. Olúṣẹ̀yẹ rí bébà búlúù tó wà láàárín rẹ̀. Ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án ti àlùfáà ni.

"Ṣẹ̀yẹ." Ohùn obìnrin náà ti lọ sílẹ̀. "Gbogbo wọn ló rí báyìí. Mo gbé mẹ́wàá, mo gbé ogún. Wọ́n rọ̀ lọ́wọ́ mi bí awọ." Ó jókòó sétí ibùsùn. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó nù ún mọ́ ìró, ó sì di ọwọ́ òsì àbúrò rẹ̀ mú. "Má tàn mí. Ṣé èmi ni mo bà wọ́n jẹ́?"

Ìbéèrè tó ń retí láti àárọ̀ ló dé yìí. Bó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó parí, yóò mọ̀. Olúṣẹ̀yẹ kì í purọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ọ́ di akápò ìjọ fún ọdún méjìdínlógún. Ó wo ojú Evelyn, ó rí bó ṣe pa ètè méjèèjì pọ̀. Láti oṣù kejì ni obìnrin yìí ti ń fọ̀ ọ́, tó ń fi ṣíbí bọ́ ọ, tí kò sì kùn rí. Ó rántí ilẹ̀kùn, ó rántí ohun tó kọ sára rẹ̀. Bí a bá ní ká sọ òtítọ́ délé, ta ló bà wọ́n jẹ́?

Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Èémí jáde lára Evelyn bí omi tó já odi. Ó tẹrí ba. Lẹ́yìn náà ó fi èjìká nu ojú.

"Ọkàn mi sọ bẹ́ẹ̀. Oòrùn ò ba nǹkan tí mo sá jẹ́ rí, láti ìgbà tí mo ti dé ilé ọkọ. Omi òjò yẹn ni. Ó ti wọ inú wọn ká tó dé ibẹ̀, a kàn pẹ́ ni." Ó dìde. Okun ti padà sí ẹsẹ̀ rẹ̀. "A jẹ́ pé èyí tó kù nínú lọ́hùn-ún, ọ̀rinrin ti ń jẹ wọ́n lọ nìyẹn. A ò ní pẹ́ mọ́. N ó pe Jàmíù kó mú ẹnì kan sí i wá. Lọ́la, bí oòrùn bá là báyìí, gbogbo rẹ̀ pátá ló máa jáde."

Ó fi ọwọ́ Olúṣẹ̀yẹ lélẹ̀ sórí aṣọ ibùsùn, ó tún aṣọ náà ṣe sí i lára.

"Jẹ́ kí n lọ yọ ẹ̀wà kúrò lórí iná kó tó jóná."

Ọwọ́ náà tẹ aṣọ ibùsùn lẹ́ẹ̀kan: bẹ́ẹ̀ ni. Ó tú u sílẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Olúṣẹ̀yẹ ń gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń rọra kọ orin ìyìn nílé ìdáná.