Ọmọ Tí Wọ́n Ní Ó Ti Kú

Moyinọlá ti tún bu oúnjẹ lé. Gbogbo àwọn ọmọ ti jókòó sórí ẹní, kálukú ti gba ìrẹsì àti ẹ̀wà tirẹ̀, síbẹ̀ àwo kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò rí ẹni tí yóò gbé e fún. Ó wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé ẹnì kan ṣì ń fọwọ́ níta. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ó yára da oúnjẹ náà padà sínú ìkòkò kí Àǹtí Tèmidire, ẹni tó ń darí ilé náà, má baà rí i.

Láti ìgbà tó ti dé Kaduna ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọ rẹ̀ ní Manchester ló rán an wá láti yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún iṣẹ́ ní ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí yìí, ní Kabala Costain. Iṣẹ́ ibẹ̀ kì í tán: ìwẹ̀ àárọ̀, àdúrà, aṣọ fífọ̀, kíkọ́ wọn ní A, B, D, ọmọ tí ibà mú, ọmọ tí kò fẹ́ jẹun. Àwọn ará ilé náà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Wọ́n ní Yorùbá rẹ̀ dùn létí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń fa ọ̀rọ̀ bí òyìnbó.

Ohun tí kò sọ fún wọn ni pé ìlú yìí ni wọ́n ti bí òun, pé Kinkinau ni ilé wọn wà kí rògbòdìyàn ọdún 2000 tó dé. Lọ́jọ́ tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ìyá rẹ̀ fà á lọ́wọ́, bàbá rẹ̀ gbé Súnkànmí àbúrò rẹ̀ kọ́ èjìká, ọmọ tí kò tíì mọ bàtà wọ̀, wọ́n kọrí sí bárékè àwọn sójà. Èrò ya wọ́n sọ́tọ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí ìlú rọlẹ̀, wọ́n rí òkú bàbá rẹ̀. Wọn ò rí Súnkànmí. Ìyá rẹ̀ ní ó ti kú. Ó mú Moyinọlá lọ sí Ìlú Ọba, kò sì dárúkọ ọmọkùnrin náà mọ́.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò fi Moyinọlá sílẹ̀. Ní Manchester, ó máa ń rí i láàárín àwọn ọmọ iléèwé tó ń sọdá títì, ẹsẹ̀ lásán nínú òtútù. Níhìn-ín, ó tún wá sún mọ́ tòsí. Tí Moyinọlá bá ń ká aṣọ lórí okùn, á gbọ́ ẹsẹ̀ kékeré tó ń sáré kiri lẹ́yìn aṣọ ibùsùn. Bó bá fa aṣọ náà kúrò, ilẹ̀ gbígbẹ lásán ni yóò bá.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìyá rẹ̀ ti pè é lórí fóònù.

"Kí lò ń wá níbẹ̀ gan-an?"

"Iṣẹ́ Olúwa ni mo wá ṣe, Mọ́mì."

"Iṣẹ́ Olúwa pọ̀ ní Manchester," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì gé fóònù.

Nínú gbogbo àwọn ọmọ tó wà nílé náà, Princess ló sún mọ́ Moyinọlá jù. Ọkọ̀ akérò kan ló gbókìtì ní ọ̀nà Àbújá, ó gbiná, ẹnì kan tó ń kọjá lọ sì yọ ọmọbìnrin náà jáde láti ojú fèrèsé. Láti ilé ìwòsàn ni wọ́n ti gbé e wá sọ́dọ̀ wọn. Kò lè sọ orúkọ rẹ̀, kò sì sọ ohunkóhun fún ìgbà pípẹ́. Nítorí pé "Princess" ni wọ́n kọ sí àyà ẹ̀wù tó wọ̀, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn. Ní báyìí, ó ti ń sọ Hausa díẹ̀díẹ̀, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ẹyọ ọ̀rọ̀ méjì. Lọ́sàn-án, orí itan Moyinọlá ló máa ń sùn, á sì máa fi ìka yí etí ara rẹ̀, títí oorun yóò fi gbé e lọ.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àwo tán nígbà tí mégàádì wá sọ pé obìnrin kan wà lẹ́nu géètì, ó ní òun wá wo ọmọ òun.

Àgbà obìnrin ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi ìborùn funfun borí. Kò jókòó títí Àǹtí Tèmidire fi bẹ̀ ẹ́.

"Hàwáwù ni mò ń jẹ́," ó ní. "Ọmọ Ìlọrin ni wá, àmọ́ Kinkinau ni mo dàgbà sí. Rashidat ọmọ mi wà nínú ọkọ̀ tó jóná lọ́nà Àbújá, òun àti Zulaiha ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó yè. Wọn ò lè dá ẹnikẹ́ni mọ̀ nínú wọn, wọ́n sin wọ́n pọ̀, a sì kírun sí wọn lára." Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Iléyá tó kọjá, aládùúgbò mi kan gbé ẹran wá fún àwọn ọmọ ibí. Ó ní òun rí ojú Rashidat lójú ọmọ yín kan."

Wọ́n pe Princess wọlé. Obìnrin náà tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó dúró.

"Zulaiha."

Ọmọ náà sá sẹ́yìn Moyinọlá, ó di yẹ̀rì rẹ̀ mú. "A'a," ó ní, ó ń mi orí. "Princess."

Ọkàn Moyinọlá fúyẹ́. Ó mọ̀ pé kò yẹ kó fúyẹ́, síbẹ̀ ó fúyẹ́.

"Màmá, ẹ má bínú," ó ní. "Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń jọra. Ṣé ẹ ní àwòrán rẹ̀ kankan?"

"Inú fóònù Rashidat ni gbogbo rẹ̀ wà. Ó jóná pẹ̀lú rẹ̀."

"Haba, Màmá," Àǹtí Tèmidire rọra sọ. "A ò lè gbé ọmọ fún ẹni tí ọmọ ò mọ̀. Ẹ gba tiwa rò."

"Mi ò ní fà á," Hàwáwù dáhùn. "Ọmọ tó ti rí irú nǹkan yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fà á mọ́. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n jókòó sábẹ́ igi yẹn, kí n máa wò ó. Bí oòrùn bá rọlẹ̀, màá lọ."

Ó lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi dongoyárò. Ooru mú. Àwọn ọmọ sùn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Moyinọlá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Princess wà lórí itan rẹ̀, ó ń yí etí rẹ̀. Lórí okùn, aṣọ ibùsùn ń mì, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí afẹ́fẹ́. Moyinọlá gbọ́ ẹsẹ̀ kékeré yẹn. Ó gbé ojú sókè láti wò.

Obìnrin náà ló rí. Ó ti ń tòògbé. Ooru ti mú kó sún ìborùn rẹ̀ sẹ́yìn, orí rẹ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ sì wà létí rẹ̀, ó ń fi ìka yí i, ó ń yí i, bí ọmọ tó fẹ́ sùn.

Moyinọlá wo ìka ọmọ tó wà lórí itan rẹ̀. Ó tún wo ti abẹ́ igi. Òun nìkan ló rí i. Bí obìnrin náà bá jí, ọwọ́ rẹ̀ yóò sọ̀kalẹ̀, oòrùn yóò rọlẹ̀, á dìde, á lọ. Princess yóò sùn síbí lọ́la, àti lọ́túnla.

Àǹtí Tèmidire yọ sí i lẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìwọ lo mọ ọmọ yìí jù. Ṣé kí n ní kí màmá yẹn máa lọ? Àánú rẹ̀ ń ṣe mí."

Ẹsẹ̀ tún sáré kọjá lẹ́yìn aṣọ. Moyinọlá kò wo ibẹ̀.

"Rárá, mà," ó ní. "Ẹ wo ọwọ́ màmá yẹn. Kí ẹ wá wo ti ọmọ."

Àǹtí Tèmidire wò, ó tún wò. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Kai," ó ní. "Kai."

Ó pe ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Wọ́n ní àwọn yóò ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, pé irú ọ̀rọ̀ yìí kò gba ìkánjú. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ọmọ mọ̀ bá tẹ̀ lé e, ọmọ náà lè lọ wo ilé Hàwáwù kí ilẹ̀ tó ṣú. Moyinọlá ni wọ́n ní kó tẹ̀ lé e.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé wọn lọ sí Kinkinau. Moyinọlá ti rò pé ẹ̀rù yóò ba òun, ṣùgbọ́n kò dá ibì kankan mọ̀. Ṣọ́ọ̀bù ni, ògiri ni, àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ni.

Lẹ́nu ọ̀nà Hàwáwù, Princess dúró. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ láìsí ẹni tó sọ fún un. Ó kọjá lára àwọn méjèèjì, ó gba inú pálọ̀ wọ yàrá, ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ ibùsùn, ó sì fa abọ́ rọ́bà kan jáde tó kún fún ìdérí ìgò. Ó tú wọn sílẹ̀. Ó gbé ojú sókè.

"Kaka," ó pe ìyá àgbà rẹ̀. "Ina Umma?"

Ìyá rẹ̀ ló ń bèèrè. Hàwáwù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Umma ti lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run, Zulaiha."

Ọmọ náà rò ó díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ìdérí ìgò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó yá, Hàwáwù bu omi fún Moyinọlá ní pálọ̀. "Ọmọ mi," ó ní, "láti ìgbà tí a ti wọ àdúgbò yìí lo ti ń wò kiri bí ẹni tó sọ nǹkan nù."

Moyinọlá kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó sọ nípa iná, nípa èjìká bàbá rẹ̀, nípa Súnkànmí. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kan rí.

"Màmá mi ní ó ti kú," ó parí rẹ̀.

"Ta ló rí òkú rẹ̀?"

"Kò sẹ́ni."

Hàwáwù mi orí. "Subuhanallahi. Èmi tí o ń wò yìí, mo ti kírun sí ọmọ tó wà láàyè lára."

"Ó kéré gan-an, Màmá. Kò tíì mọ bàtà wọ̀."

"Nígbà yẹn ni," Hàwáwù ní. "Bó bá wà láàyè, á ti máa ra bàtà fún ọmọ tirẹ̀ báyìí."

Moyinọlá gbé ife sílẹ̀.

Zulaiha kò fẹ́ tẹ̀ lé e padà. Lórí fóònù, Àǹtí Tèmidire ní ọ́fíìsì gbà kó sùn síbẹ̀, pé àwọn yóò wá lówùúrọ̀. Ọmọ náà juwọ́ sí i láìgbé orí sókè.

Moyinọlá dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì. Wọ́n ti kírun Alásáàrì tán, àwọn ọkùnrin ń jáde láti mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń kọjá lára rẹ̀. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ tó wúwo, ẹsẹ̀ àgbàlagbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbá búrẹ́dì mọ́ra kí i, "Sannu," ó sì kọjá. Moyinọlá wo ojú rẹ̀ títí ó fi yà sí kọ̀rọ̀. Ó wo ti ẹnì kejì, tó ní irùngbọ̀n. Ó wo ti ẹni tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà tó ti dé ìlú yìí, ojú àwọn ọmọdé nìkan ló ti ń wò.

Kẹ̀kẹ́ kan dúró níwájú rẹ̀. Awakọ̀ náà bi í léèrè ibi tó ń lọ ní Hausa, ó sì tún un sọ ní Yorùbá. Moyinọlá ń wo ojú awakọ̀ náà.